Sàréè Sàníù

Ọkùnrin náà ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kejì kí Fàdìlàt tó rí ohùn fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ ẹ́."

Ó gbójú sókè wò ó. Orí òkúta ìfọṣọ ló jókòó sí, lábẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùnlé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Yóò ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Eruku ọ̀nà jíjìn bo bàtà rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ká a jọ dáadáa bí ẹni tí kò fẹ́ dọ̀tí ilẹ̀ onílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá mi," ló wí. "Mo kí títí níwájú ilé, mi ò rí ẹni dá mi lóhùn. Ebi ló ń pa mí. Mo wá rí i pé eléyìí ti pọ́n kọjá ààlà, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Mo ní ẹni tó ni ín kò ní torí méjì bá àlejò jà."

Imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Kò jọ ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ó jọ ti ẹni tí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde.

Fàdìlàt gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Láti ilé ìwé girama tó wà lọ́nà ọjà Lálúpọn ló ń bọ̀, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti kó padà sí agbo ilé yìí kó lè máa tọ́jú Ìyá Nimotallahi, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Láti kékeré tó ti ń wọlé, tó ń jáde níbẹ̀, kò rí ẹni tó fi èso ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kan ẹnu rí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dàgbà ju gbogbo ẹni tó wà nínú agbo ilé lọ, àfi Ìyá nìkan. Bí ọ̀kan bá so, tó sì kú, òmíràn á ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èso rẹ̀ á pọ́n, á dúdú, á já bọ́, á jẹrà síbẹ̀. Ewúrẹ́ pàápàá kì í dé ìdí rẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n ti ń lé wọn kúrò níbẹ̀ láti ìran ewúrẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ òkú ni, wọ́n á ní. Fàdìlàt dàgbà tán, kò béèrè òkú wo.

Ibi tó ti ń wá ohun tí yóò sọ fún àlejò ni ilẹ̀kùn yàrá Ìyá ti ṣí. Ìyá jáde tòun ti ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ da omi ìṣanwọ́ nù. Ó rí ọkùnrin náà. Ó dúró. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo èèpo tó wà lórí itan rẹ̀. Igbá omi tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí omi fi dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

"Sàníù," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀. "O tún padà wá."

Ó yí padà, ó wọlé. Fàdìlàt gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì fi irin há a.

Ọkùnrin náà ti dìde. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni Sàníù?" Fàdìlàt bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ orúkọ náà. Ó ti ń gbọ́ ọ nínú àdúà Ìyá tipẹ́: ẹ̀gbọ́n tó bá ogun Hítílà lọ.

"Bàbá mi ni. Hezekiah Akíntáyọ̀ lorúkọ tèmi. Sàníù ni bàbá mi ń jẹ́ kí wọ́n tó sin ín."

"Ìgbà wo ni wọ́n sin ín?"

"Èwo nínú méjèèjì?" Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. "Òjò àrọ̀kúrò ọdún tó kọjá ni àwa sin ín ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìjàyè. Ó ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ibí yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sin ín." Ó fi ọwọ́ tó di èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú tọ́ka sí ilẹ̀. "Kò sọ ibi tó jẹ́ gan-an fún mi. Ó kàn ní ẹ̀yìnkùnlé ìyá òun ni."

Oòrùn ọ̀sán ń ta gan-an, síbẹ̀ Fàdìlàt rí i tí irun apá òun dìde. Ó wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, tó ga ní ibi kan, tó sì lọ gbọọrọ ní ilẹ̀ láti igun ògiri dé ibi òkúta ìfọṣọ. Kò tíì kíyè sí i rí pé ó gùn bí ènìyàn ṣe ń gùn.

"Kí ni ẹ wá ṣe, sà?"

"Iṣẹ́ ni bàbá mi rán mi. Kì í sùn, bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sùn bí èèyàn ṣe ń sùn. Á dùbúlẹ̀, á dìde, á ní iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu òun. Ìyá wa á bu omi fún un, á fi ṣan ẹnu, á tún ní ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn á ní gbòǹgbò kan ń rìn lọ ní ìhà òun, kí n bá òun wò ó. Mo máa ń wò ó. Kò sí nǹkan níbẹ̀." Ó fi èèpo ọwọ́ rẹ̀ sórí òkúta. "Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó kú, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Hezekiah, lọ sí Lálúpọn. Sọ fún wọn kí wọ́n hú mi jáde.'"

Bọ̀dá Roheem ló dé bá wọn báyìí. Òun ni olórí agbo ilé, ọmọ àbúrò Ìyá ọkùnrin; òun ló ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí níwájú ilé. Omi ẹ̀gẹ́ ti gbẹ funfun sí i ní apá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

"Ilẹ̀ etí títì ni," ó ní. "Ilẹ̀ ni ẹ ń wá. Ẹ gbọ́ pé ìyá ti dàgbà, ẹ wá gbé orúkọ òkú wá."

"Mo ní ilẹ̀ ní Ìjàyè, mi ò rí ẹni bá mi ro ó tán," Hezekiah dáhùn. "Ẹ wo ojú mi dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni tó ní i?"

Roheem kò wò ó. Fàdìlàt kíyè sí i pé kò fẹ́ wò ó. Iwájú orí tó yọ síta, etí tó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ojú Ìyá gan-an ni. Ilà abàjà tí kò sí ní ojú ti Hezekiah nìkan ló fi yàtọ̀.

"Ẹ máa lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú," ni Roheem wí.

Hezekiah kò jiyàn. Ó ní àwọn ará ìjọ òun kan wà lẹ́bàá gáréèjì, ọ̀dọ̀ wọn ni òun yóò wà. Kó tó lọ, ó lọ síwájú ilẹ̀kùn tí Ìyá ti tì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kan ilẹ̀.

"Ẹ kúulé o, ìyá."

 Fàdìlàt ń gbọ́ èémí lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ó súnmọ́ pákó pẹ́kípẹ́kí.

Ìyá kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Kò jẹ ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gba omi ìwẹ̀ àlùwàlá láti ojú fèrèsé, ó kírun, ó sì jókòó sínú òkùnkùn. Fàdìlàt lọ sí ilé ìwé nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ogun àgbáyé kejì ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹni pé wọ́n fi í dẹ pàkúté sílẹ̀ dè é. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní bó ṣe lọ: bí Jámánì ṣe gba ilẹ̀ Pólàńdì, bí àwọn ará Jàpáànù ṣe gba Bọ́mà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá kó àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ wa àti Góòlù Kóòsì lọ gbà á padà, bí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń sìn ín ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmìnira nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti tiwọn pupa bákan náà. Àwọn ọmọ mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí lórí.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Ma, nígbà tí ogun parí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn sójà tiwa?"

"Wọ́n padà sílé," ni Fàdìlàt dáhùn.

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń dún nínú kíláàsì. Ó yí padà sí pátákó, ó di ẹfun mú.

Nígbà tó padà délé, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, igbó tó wà lẹ́yìn ògiri dúró gbagidi. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ń ha ara wọn, ó ń dún wàì, ó ń dún wàì, bí ẹni tó ń yí padà lórí ẹní. Ó kan ilẹ̀kùn Ìyá.

"Ìyá, èmi ni. Bí ẹ kò bá jẹun, màá jókòó síbí, èmi náà kò ní jẹun."

 Irin ilẹ̀kùn dún. Ìyá jókòó lórí àpótí, gèlè rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, irun rẹ̀ funfun nínú òkùnkùn náà.

"Ó ti lọ?"

"Ó wà nítòsí gáréèjì. Ìyá, kì í ṣe Sàníù. Ọmọ Sàníù ni."

"Òkú kì í bímọ."

"Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi."

Ìyá sọ ọ́. Kò wo ojú Fàdìlàt bó ṣe ń sọ ọ́. Ògiri ló ń wò.

"Ọmọdé ni mo wà. Wọ́n ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Hítílà fẹ́ gba gbogbo ayé. Kí ni ayé tó fẹ́ gbà kan Lálúpọn? Ṣùgbọ́n ó kàn wá. Iyọ̀ wọ́n títí a fi ń se ọbẹ̀ bí omi. Wọ́n ní kí àwa ọmọdé máa pa èkùrọ́, pé òun ni wọ́n fi ń jagun. Mo pa á títí ìka mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo rò pé òkúta là ń sọ lu Hítílà. Wọ́n wá ní kí baálé mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá. Bàbá wa ti kú. Ọmọ ẹni tí kò ní baba ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n ṣe mú ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó ní òun yóò ra yẹtí bọ̀ wá fún mi."

"Ẹ̀yìn ìyẹn," Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "akódà ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìbàdàn. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní Sàníù ti kú sí Bọ́mà, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó lọ. Ìyá mi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí ọmọ òun máa rìn kiri láìní ilé. Ó hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tigbòǹgbò tigbòǹgbò, èyí tó ga tó ẹ̀gbọ́n mi. Ó wẹ̀ ẹ́. Ó fi aṣọ funfun Sàníù wé e. Àfáà kọ̀, ó ní wọn kì í kírun sí igi lára. Ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sin ín síbẹ̀ yẹn. Kó tó pé oṣù kan, ó ti hù."

Ó sinmi. 

"Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ọyẹ́ mìíràn dé. Ìrọ̀lẹ́ kan, à ń jẹun. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ó ní, 'Ìyá mi, èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.' Imú ló fi sọ ọ́. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ pé imú ni òkú fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi pa fìtílà. Ṣùgbọ́n mo ti yọjú níbi tí pákó ti là. Mo rí i. Aṣọ sójà ló wọ̀, ó rù kan eegun. Ara rẹ̀ pọ́n, Fàdìlàt. Ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Mo fẹ́ ké pé Bọ̀dá ni, ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wí fún un bí a ṣe ń wí fún òkú. Ó ní, 'Sàníù, mo ti sin ọ́, máa lọ. Má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o máa bá wọn jẹ.'"

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. A ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀." Ìyá mú gèlè rẹ̀, ó tún fi í sílẹ̀. "Ìyá mi kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó ń kú lọ ló pè mí súnmọ́ra. Ó ní, 'Nimota, ǹjẹ́ òkú máa ń sunkún?' Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, 'Èyí sunkún.'"

Ewé ń ha ara wọn lẹ́yìn ilé. Fàdìlàt mọ ohun tó yẹ kí òun sọ, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ ọ́. Ó rántí ohun tó ti kà nígbà tó wà ní yunifásítì, ohun kékeré kan tí kò sọ fún ọmọ kíláàsì kankan rí.

"Ìyá, ibà pọ̀ ní Bọ́mà ju ìbọn lọ. Wọ́n ń fún àwọn sójà lóògùn kan lójoojúmọ́. Oògùn ibà ni. Ó máa ń sọ ara di pípọ́n. Òyìnbó, Íńdíà, èèyàn dúdú, gbogbo wọn ló pọ́n. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ lílò ó, ara á padà bó ṣe wà."

Ìyá yí ojú sí i nígbà yẹn.

"Oògùn ibà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Oògùn ibà lásán."

Kò sunkún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ní kí Fàdìlàt bu ẹ̀kọ wá. Ó mu ún tán, ó sì fọ ife náà fúnra rẹ̀.

"Ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní gáréèjì," ó ní. "Kí o sì sọ fún Roheem kó mú ọkọ́ àti àdá wá lọ́la."

Roheem kọ̀ ní àkọ́kọ́. Ó ní sàréè tí wọ́n bá là kì í pa dé lófìfo. Bí wọ́n bá kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde, yóò wá ẹlòmíràn. Ìyá ní bó bá ń wá ẹlòmíràn, òun ló súnmọ́ ọn jù, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Roheem wá lọ pọ́n àdá rẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Hezekiah bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba ọkọ́ kan, òun àti Roheem sì dojú kọ ara wọn nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Wọ́n gé àwọn igi òkè lulẹ̀. Oje rẹ̀ ń ta sí wọn lára, ó ń gbẹ, ó ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ àná. Ìyá gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó jókòó ń wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́.

Nígbà tí kòtò náà dé orúnkún, Roheem ni ó kọ́kọ́ dúró.

"Fàdìlàt," ó pè é. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wá wo nǹkan."

Fàdìlàt súnmọ́ etí kòtò. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni, odindi kan ṣoṣo, tó ti ń ga, tó ti ń fẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn láìsí ẹni tó tú u. Kò rí roboto bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń rí. Ó gùn. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ibi tí wọ́n ń dojú òkú mùsùlùmí kọ. Ibì kan rí bí èjìká. Ibì kan tẹ̀ bí orúnkún. Gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, wé e láti òkè dé ilẹ̀ bí òwú aṣọ. Aṣọ gan-an kò sí mọ́, ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́.

Hezekiah kúnlẹ̀ nínú kòtò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà, ibi tí gbòǹgbò kan tó nípọn bí ìka ti gba àárín kọjá.

"Ibí yìí ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ibí yìí ló máa ń ní kí n wò."

 Roheem tó pè é ní olè ilẹ̀ ni ó fi àdá gé gbòǹgbò náà. Àwọn méjèèjì gbé e jáde, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, bí a ṣe ń gbé èèyàn, wọn kò sì mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Bí oòrùn ṣe ń pa á ni omi ń jáde lára rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù.

Ìyá dìde, ó wá wo inú kòtò. 

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ó ní. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ padà."

Wọ́n ń kó o padà ni Ìyá bi Hezekiah léèrè, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà láàyè: "Imú tí Sàníù fi ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

"Ìbọn ni, ìyá. Wọ́n ní etí odò kan ní Bọ́mà ni, Kaladáàn. Ọta gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, ó ba àjà ẹnu rẹ̀ jẹ́. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Íńdíà, kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe ń sọ ọ́ ni àwa náà ń sọ ọ́. Gbogbo wa."

"Kí ló dé tí kò tún padà wá lójú ọ̀sán?"

Hezekiah fi ọkọ́ ti ilẹ̀. "Ó ní ìyá òun ló bí òun. Bí ìyá òun bá ní òun ti kú, ta ni òun tí òun yóò jà á níyàn? Ó ń rìn lọ títí ó fi dé Ìjàyè. Ó ní ìlú tí ogun ti pa rí ni, wọn kò ní bẹ̀rù òun níbẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ ní Akíntáyọ̀. Ó ní wọ́n ti sin Sàníù."

Ìyá rọra mi orí. "Mú mi lọ síbi tó wà."

Ìyá kò tíì kúrò ní Lálúpọn láti ìgbà tí Fàdìlàt ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Roheem gbọn eruku ẹ̀gẹ́ kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí ìjókòó iwájú, Ìyá sì gòkè tòun ti ìborùn funfun rẹ̀. Fàdìlàt àti Hezekiah wà lẹ́yìn. Wọ́n gba Ìwó Róòdù, wọ́n gba Òjòó, wọ́n kọjá Mọ́níyà.  Nínú gbogbo ìrìn náà, Ìyá ń wo ọ̀nà, ó ń wo bó ṣe gùn tó fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Abúlé náà kéré, ó wà láàárín oko iṣu lẹ́yìn Ìjàyè. Àwọn obìnrin mélòó kan ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ̀ dúró, Roheem ṣí ilẹ̀kùn, Ìyá fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé ojú sókè.

Ọ̀bẹ jábọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Gbogbo wọn ti dìde. Ọ̀kan fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan igi, ó ń pe orúkọ Jésù lábẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó yé Fàdìlàt. Ojú tí wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bò ní ọdún tó kọjá ni wọ́n ń wò, nínú aṣọ funfun, ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé tó wà láàárín, arúgbó obìnrin kan dúró, ó di férémù mú. Gbọ́njúbọ́lá ni, ìyàwó tó bu omi fún Sàníù fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó wo Ìyá.  Ó wọlé, ilẹ̀kùn sì tì.

"Màámi, ẹ má bẹ̀rù," Hezekiah ké, ó fẹ́ sáré. "Àbúrò Bàbá ni."

"Fi í sílẹ̀," ni Ìyá wí. "Èmi ni màá sọ ọ́."

Ó dá rìn lọ. Fàdìlàt fẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì dúró. Ìyá dé iwájú ilẹ̀kùn, ó súnmọ́ pákó náà.

"Nimotallahi ni mí," ó ní. "Èmi ni mo tẹ̀ lé Sàníù. N kò ti ọ̀run bọ̀. Lálúpọn ni mo ti wá. Mo mọ̀ pé ojú mi ló bà yín lẹ́rù. Bí ẹ kò bá lè ṣílẹ̀kùn, mo lè jókòó síbí, n kò ní bínú."

 Àwọn obìnrin abẹ́ igi kò mira. Ìyá wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Irin dún. Ilẹ̀kùn là díẹ̀, ìwọ̀nba tí apá lè gbà. Ọwọ́ gbígbẹ kan jáde láti inú òkùnkùn, ó ń wá, ó kan ìborùn, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ lé ojú ilà abàjà láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó di ọwọ́ Ìyá mú, ó sì dì í mú pẹ́.

"Ọwọ́ yín gbóná," ohùn inú ilé wí.

"Oòrùn ni," Ìyá dáhùn. "Ọ̀nà jìn."

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

"Ẹ wọlé wá, ẹ bọ́ sí abẹ́ òrùlé."